Ohùn Tó Pè Mí Láti Ẹnu Obìnrin Òkúta

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan pè yín láti ẹ̀yìn, tí ẹ kò sì rí ojú ẹni náà, ẹ má jẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ yíjú. Bí ẹ bá rí ènìyàn, ẹ dá a lóhùn. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ pa ẹnu yín dé, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo ṣì kéré ní agbolé wa ní Ẹ̀sìẹ́. Mo mú ẹ̀kọ́ náà dání wá sí ìlú òyìnbó, pẹ̀lú gààrí. Gààrí ti tán. Ẹ̀kọ́ kò tán.

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo fẹ́ sọ, ẹ má tíì sá. Mo mọ̀ pé bí ẹni tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun bá sọ pé òun fẹ́ di olùdarí fíìmù, àwọn ènìyàn a máa wo ilẹ̀. Bọ́sẹ̀ gan-an, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Bàbá Kékeré, ṣé ẹ ń sùn dáadáa?" Mo ń sùn dáadáa. Fíìmù kan ni kò jẹ́ kí n jí dáadáa.

Aberdeen ni mo ń gbé, ìlú kan ní òkè Scotland tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ eérú kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé orí òrùlé. Bí òjò bá rọ̀ sí i, tí oòrùn sì yọ, gbogbo ògiri a máa tàn yinrin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para. Òkúta kì í ya ọmọ Ẹ̀sìẹ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá mọ ìlú wa, ère òkúta ló kún inú igbó wa kí ìjọba tó kọ́lé lé wọn lórí: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó jókòó sórí àpótí, ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí àwa kò rí. Àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n, pé wọ́n dé ní ọjọ́ kan, wọ́n sì di òkúta. Ohun tó sọ wọ́n di òkúta, ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá bi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Aberdeen, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ọkùnrin àkọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Obìnrin kejì gbá àpò rẹ̀ mọ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti dákẹ́. Mo wá rò ó pé bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ère wa ṣe bẹ̀rẹ̀: wọ́n kí títí, kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn, wọ́n bá jókòó.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́. Ọ̀gá wa níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, mú mi lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní Jean ni orúkọ màmá náà, kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo wo màmá. Irun rẹ̀ funfun bí òwú, ọwọ́ rẹ̀ rí bí ewé tó ti gbẹ. Mo la ẹnu láti pe orúkọ yẹn, kò jáde. Mo bá kí i ní gẹ̀ẹ́sì, mo fi "Màmá" kún un. Ọ̀gá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní kò dára bẹ́ẹ̀, pé ó lè dà bíi pé mò ń sọ ọ́ di arúgbó. Mo fẹ́ bi í pé ta ló sọ ọ́ dà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ni.

Mo bá wá ọgbọ́n kan dá. N kò pe màmá náà ní nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ wọ yàrá rẹ̀, mo á kàn wúkọ́. Bí mo bá gbé tíì dé, mo á tún wúkọ́. Títí ó fi bi mí ní ọjọ́ kan pé ṣé wọ́n ti yẹ àyà mi wò ní ọsibítù. Mo ṣàlàyé fún un pé níbi tí mo ti wá, ẹnu ẹni kì í gbà á láti pe ẹni tó tó bí ìyá ẹni lórúkọ lásán. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ pe ọ̀gá wa, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n pe òun ní Màmá, nítorí àwọn ọmọ tí òun bí ti pẹ́ tí wọn kò pe òun ní ohunkóhun.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nílẹ̀ òyìnbó nìyẹn. Ti orúkọ tèmi ni mo kùnà. Wọ́n ti gé e kù sí ẹyọ ìró kan ṣoṣo, bí ẹni gé ìrù ajá. Ẹ má bi mí ní orúkọ náà o. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Nígbà tí Ìyá Bọ́sẹ̀ di ìyàwó ní agbolé wa, ìyá tó bí wa ti kú, èmi sì ni àbígbẹ̀yìn. Eyín iwájú mi méjèèjì ti bọ́, àwọn tuntun kò sì tíì fẹ́ yọjú. Ẹ̀yin náà mọ àṣà: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ìkókó tí wọ́n bí lánàá. Ọkọ ni gbogbo wọn. Orúkọ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Ọmọ bàbá wa tó máa ń gbé ìwé kiri láì kà á di Akọ̀wé. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tó kàn mí, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, èmi tí ikun ń ṣàn nímú mi, ó ní, "Ẹ ya ẹnu, ọkọ mi, kí n rí yín." Mo ya ẹnu. Ó wo ihò tó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Ó ní, "Eyínfúnjowó."

Gbogbo agbolé fi ẹ̀rín ṣubú. Èmi, tí eyín mi yóò funfun ju owó ẹyọ lọ, tí n kò ní eyín! Mo sá lọ sí ẹ̀yìn àká, mo sunkún. Ó mú iṣu sísun tọ̀ mí wá níbẹ̀, ó ní kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu jẹ ẹ́, pé eyín tó funfun tó bẹ́ẹ̀ kì í bá iṣu jà. Láti ọjọ́ yẹn, mo di tirẹ̀.

Eyín hù, orúkọ kò lọ. Nígbà tí mo di tíṣà ní Òmù-Àrán, bí Ìyá Bọ́sẹ̀ bá ti ọjà bọ̀, á dúró lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé, á ké e sókè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé bo ẹnu. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bọ́sẹ̀ kò lè pè é, ọmọ ilé ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò nílò rẹ̀, ó ní orúkọ mi gan-an lẹ́nu. Nínú gbogbo ayé, ẹnu kan ṣoṣo ni orúkọ yẹn ń gbé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pè é láti Aberdeen. Ohùn rẹ̀ a kọ́kọ́ bú jáde, "Eyínfúnjowó!", bíi pé láti Ẹ̀sìẹ́ ló ti ń pariwo dé ọ̀dọ̀ mi, tí fóònù sì kàn ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Á bi mí bóyá òtútù kò tíì gbọn eyín mi bọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Á ní bí ó bá bọ́, kí n kó o pamọ́, òun ti mọ ohun tí òun yóò pè mí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó sọ fún mi pé òun ti di òṣèré, pé bí mo bá fẹ́ rí òun nísinsìnyí, kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kí àwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ló kú. Ìwé àṣẹ ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba lákòókò yẹn. Ẹni tó bá jáde kò ní padà wọlé. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró sórí àna wa kan tó ya ẹnu sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń wo inú ẹnu àna náà títí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ohùn rẹ̀. Fóònù mi àtijọ́ tí ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ti já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ní ibi iṣẹ́, kò sì jí mọ́. Mo ní kí Bọ́sẹ̀ wá ti ọwọ́ tirẹ̀ wò. Kò rí ọ̀kan. Ta ló máa ń gba ohùn ẹni tó ń pariwo ní agbolé lójoojúmọ́ sílẹ̀? Àwòrán rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ ni kò sí. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé bí mo bá gbìyànjú láti gbọ́ ọ lọ́kàn mi, ohùn tèmi ni mò ń gbọ́, tó ń sín in jẹ.

Ẹ̀kọ́ fíìmù tí mò ń lọ, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni, nínú gbọ̀ngàn kan tí àwọn ará àdúgbò tún máa ń fi ṣe ijó. Olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù lọ wo fíìmù kan, kó wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ ọn níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, sinimá kékeré kan ní àárín ìlú ń ṣe àfihàn fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà. Mo rí àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà: obìnrin òkúta tó jókòó sórí àpótí, tó fi ọwọ́ lé orúnkún. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo mọ àpótí yẹn. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àlejò Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pe fíìmù náà. Ayé ìgbà owó ẹyọ ni. Àwọn àlejò kan dé igbó kan, kò sí ẹni tó bu omi fún wọn, wọ́n sì jókòó, wọ́n di òkúta. Ó pẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, tó wọ inú igbó náà. Igi èédú ló wá wá. Ó rí obìnrin kan láàrin àwọn òkúta, àánú ṣe é, ó bu omi inú kèrègbè rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀." Òjò àkọ́rọ̀ ọdún rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, obìnrin náà sì di ẹlẹ́ran ara. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, yóò jí láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò sì tún padà di òkúta. Èèwọ̀ kan ló wà: bó bá pe alágbẹ̀dẹ, kò gbọdọ̀ jẹ́ àfi bó bá kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ láì rí i, òun náà di òkúta.

Ẹ wo ọgbọ́n ẹni tó kọ ìtàn yìí. Gbogbo ìfẹ́ wọn, inú yíyíjú ló wà. Ó pè é, ọmọkùnrin yíjú, wọ́n wo ara wọn, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìfẹnukonu, kò sí ìdìmọ́ra. Ọrùn ọkùnrin kan tó ń yí padà ni gbogbo ohun tí kámẹ́rà fún wa, mo sì rí àwọn òyìnbó tó dáwọ́ gúgúrú jíjẹ dúró.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìpè àkọ́kọ́.

Òṣèré tó ṣe obìnrin òkúta, ọmọ Èkó ni, arẹwà ọlọ́rùn gígùn. Alágbẹ̀dẹ ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń di igi rẹ̀. Omi òjò ń kán lórí ewé. Obìnrin náà gbé orí sókè, ó la ẹnu. Ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀ ló jáde.

"Eyínfúnjowó."

Mo yíjú. Òyìnbó kan ló jókòó lẹ́yìn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó na gúgúrú rẹ̀ sí mi bóyá ìyẹn ni mo ń fẹ́. Gbogbo ara mi ti le. Mo pa ẹnu mi dé, mo kọjú síwájú. Obìnrin òkúta náà ń sọ̀rọ̀ lọ, Ìgbómìnà pọ́ńbélé, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ìdí ààrò nílé wa. N kò ní kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ̀yin ará Ìbàdàn má baà rí ohun tí ẹ ó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo pe Bọ́sẹ̀ láti iwájú sinimá, nínú atẹ́gùn tó fẹ́ gbé fìlà mi lọ sínú òkun. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní olùdarí fíìmù náà fẹ́ kí obìnrin òkúta sọ Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n ahọ́n arẹwà náà kò gbà. Wọ́n wá wá ẹni tí ohùn rẹ̀ kò tíì darúgbó ní Ẹ̀sìẹ́. Wọ́n gbé Ìyá Bọ́sẹ̀ lọ sí kíláàsì kan ní Òmù-Àrán, wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì dí gbogbo fèrèsé kí ariwo má wọlé, wọ́n sì ní kó máa wo ẹnu òṣèré nínú àwòrán kó máa sọ̀rọ̀ bá a. Ìyá rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, kí n fi etí ara mi gbọ́.

Mo ní, kí ló dé tí kò pe alágbẹ̀dẹ ní orúkọ tó ń jẹ́? Gbogbo àwọn yòókù nínú fíìmù ló ń pè é ní orúkọ rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ní, "Bàbá Kékeré, ṣé ẹ ti gbàgbé orúkọ yín ni?"

N kò gbàgbé. Ọ̀kan náà ni orúkọ alágbẹ̀dẹ àti orúkọ tèmi. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò pè é lójú ayé, kò ní torí eré pè é. Ìdí nìyí tí èmi náà kò fi ní sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù kò pè é. Ta ni yín?

Mo padà lọ wo fíìmù náà, mo tún padà lọ. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú ọjọ́ mẹ́ta, àfi bí ará Òmù-Àrán. Ìgbà mẹ́ta ni obìnrin òkúta pe Eyínfúnjowó: ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí alágbẹ̀dẹ jẹ́ ọ̀dọ́ tí eyín rẹ̀ ń dán, ní àárín, nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ fún un ní ìyàwó tí kò gbà, àti ní ìparí. Gbogbo ìgbà tí ó bá pè, ọrùn mi a fẹ́ yí, ahọ́n mi a gbéra. Mo á ti eyín mọ́ ọn. Ohùn ẹni tó ti kú, tó jáde láti ẹnu ẹni tí kì í ṣe òun, nínú òkùnkùn: bí ìyẹn kì í bá ṣe ohun tí Ìyá Bọ́sẹ̀ kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀, kí ni?

Lójú ọ̀nà ilé, mo á máa bi ara mi ibi tí mo wà gan-an. Nílé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ará òkè òkun. Níbí, ìró kan ṣoṣo ni mí. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń pè mí bí mo ṣe jẹ́ ni inú fíìmù kan, ibẹ̀ ni n kò sì gbọdọ̀ ti dáhùn.

Olùdarí fíìmù náà wá sí Aberdeen ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi parí àfihàn. Fúnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, obìnrin kúkúrú kan tó wọ kóòtù méjì lé ara wọn. Lẹ́yìn fíìmù, ó bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní inú òun dùn láti sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ti ra fíìmù náà láti máa fi hàn káàkiri ayé, àti pé wọ́n yóò tún ohùn rẹ̀ ṣe kó tó di ìgbà náà. Òṣèré ti wá kọ́ Ìgbómìnà báyìí, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe orúkọ yẹn náà yóò kúrò.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi kò gbéra. Ohùn kan ṣoṣo tó kù láyé, wọ́n fẹ́ nù ún kúrò bí ẹni nu pátákó ìkọ̀wé, mo sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Mo tọ̀ ọ́ lọ níbi tí wọ́n ti ń mu tíì. Mo kí i ní Yorùbá, ojú rẹ̀ tàn, ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí mi. Mo bi í nípa àṣìṣe orúkọ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè mọ ojú tí mo rí lọ́wọ́ màmá yẹn," ó ní. Ó ní àwọn bẹ màmá títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó ní òun ṣàlàyé fún un pé eré lásán ni, orúkọ inú ìwé ni. Màmá ní òun mọ̀ pé eré ni, ṣùgbọ́n ẹnu òun kì í ṣe eré. Ó ní ọkọ òun kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà lókè òkun. Bí òun bá pè é lórúkọ nígbà tí kò sí nílé, ojú wo ni òun yóò fi wò ó bó bá dé? Wọn kò ní àyè láti wá ẹlòmíràn mọ́, ni wọ́n ṣe gba èyí tó fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo kọ́kọ́ wo inú ife tíì mi fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá bi í pé kí ni kò yé àwọn tó ra fíìmù náà. Ó ní wọ́n ń sọ pé olùwòran yóò dàrú: gbogbo ìlú pe ọkùnrin ní orúkọ kan, obìnrin yìí nìkan pè é ní òmíràn.

Mo ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ṣègbéyàwó nínú fíìmù yín?"

Ó ní, "Wọn ò ṣègbéyàwó, sà. Ìyẹn ni ìbànújẹ́ ibẹ̀."

"Wọ́n ṣe é. Ọjọ́ tó kọ̀ láti pe orúkọ rẹ̀ ni."

Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní obìnrin tó bá lè pe ọkùnrin lórúkọ gan-an, ará ọ̀nà ni. Ẹni tó bá fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó ti bá a wọlé, ó ti kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé rẹ̀. Òkúta tí kò sí ẹni tó bu omi fún, ó sọ ara rẹ̀ di ìyàwó ilé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó tún wo ìparí: alágbẹ̀dẹ ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti fọ́, eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà, tí kò darúgbó, wò ó, ó sì pè é ní Eyínfúnjowó. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, tí kò sì sunkún láàrin ẹ̀rín náà, kò lè gbọ́ fíìmù kankan. Bí ẹ bá fi orúkọ gidi síbẹ̀, mo ní, ẹ ó rí ẹkún gbà, ṣùgbọ́n ẹ ó pàdánù ẹ̀rín.

Ó ń wò mí. Ó wá bi mí bí màmá yẹn ṣe jẹ́ sí mi.

"Ìyàwó mi ni."

Mo rí i bó ṣe ń ka ọjọ́ orí mi mọ́ ti màmá lójú. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Eyínfúnjowó."

Mo ya ẹnu, mo fi eyín hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní òun kò lè ṣèlérí, pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ òun nìkan. Mo ní mo gbọ́.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo sọ ohun kan náà fún kíláàsì wa. Olùkọ́ wa bi mí pé ṣé mo ní ìtàn tèmi tí mo fẹ́ yà. Mo ní mo ní ọ̀kan, nípa ọkùnrin kan tó ń wúkọ́.

Òtútù kọjá, àwọn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kí Fúnkẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kò gùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gba ìpè méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi. Ìkẹta, mo kọ̀."

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun dé sinimá wa, ọ̀sán ni wọ́n fi í hàn, iye owó àwọn arúgbó sì dín kù. Mo bẹ ọ̀gá wa, ó gbà, mo gbé Màmá Jean jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, mo tì í lọ. Ó ní òun kò gbọ́ èdè yẹn, mo ní kó fọkàn balẹ̀, òkúta ló pọ̀ jù níbẹ̀. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà.

Ìpè àkọ́kọ́ dé. Ohùn arẹwà ọmọ Èkó ni, ohùn tó dára, ahọ́n rẹ̀ sì ti dára sí i. Orúkọ mi gan-an ló pè, odindi, bí bàbá mi ṣe sọ mí. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú ara mi. Bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ ibodè bá ka orúkọ ènìyàn láti inú ìwé ìrìnnà ni. Èkejì náà kọjá bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé wọ́n ti gba ìkẹta náà lọ́wọ́ Fúnkẹ́ láìsọ fún mi.

Ìparí dé. Alágbẹ̀dẹ arúgbó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà nínú igbó. Ó bu omi sílẹ̀ níbi tí ó rò pé obìnrin náà jókòó sí, ó sì ṣì í, omi náà ṣàn lọ síbòmíràn. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú. Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí i láì mọ̀. Bó bá tilẹ̀ yíjú, kí ni yóò rí?

"Eyínfúnjowó."

Òun ni. Ó gbé e sókè díẹ̀ ní ìparí, bó ṣe máa ń gbé e láti ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé. Mo mọ èèwọ̀ náà. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá yíjú, òyìnbó kan ni n ó rí, pẹ̀lú gúgúrú. Ó ti pè mí láti Ẹ̀sìẹ́ dé ibí, ó ti gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá, wọ́n ti gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó pè mí. Àlejò tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn, a mọ ohun tí í dà.

Alágbẹ̀dẹ ya ẹnu rẹ̀ tí kò léyín. Èmi náà ya tèmi. Àwa méjèèjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan wẹ̀yìn wò. Màmá Jean na ọwọ́ sí mi nínú òkùnkùn, ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i. Ó ní ó ti tutù bí òkúta. Ó dì í mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí iná fi tàn.